Ìgbaninímọ̀ràn Nínú Agbo fún Àwọn Ọ̀dọ́langba: Ọgbọ́n Eric Berne àti Ọ̀ràn Sabon Gari ní Kánò

Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná tàbí ti òní láàárín àwọn ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú mẹ́rin ní ń bí ọmọ, ṣùgbọ́n igba ojú ní ń tọ́ ọ. Òwe yìí rọrùn láti pa ní ìlú tí igba ojú náà wà nítòsí: bàbá àgbà nínú ìyẹ̀wù, ìyá ọkọ ní ẹ̀yìnkùlé, baálé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá ní ojú ọjà. Ohun tí òwe náà kò sọ ni bí ọ̀ràn yóò ti rí fún ọmọ tí a bí sí ibi tí ojú mẹ́rin náà nìkan wà, tí àwọn yòókù wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Abẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ọ̀fà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ní Sabon Gari, Kánò, láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ àdúgbò náà dó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà kan tí àwọn òyìnbó là sílẹ̀ fún títọ́ àwọn ọ̀dọ́langba sọ́nà lè bá ọmọ Yorùbá mu, kò ní rí ibi tí ó dára ju Sabon Gari lọ láti gbé e yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1911 ni ọkọ̀ ojú irin dé Kánò, òwò ẹ̀pà sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó nílò akọ̀wé. Rélùwéè nílò àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti àwọn tí ó lè já tíkẹ́ẹ̀tì. Ìjọba nílò àwọn tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìhà Gúúsù ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú wọn. Àwọn oníṣòwò náà kò sì gbẹ́yìn. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí àwọn àlejò wọ̀nyí máa gbé inú odi ìlú Kánò, nítorí náà ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi ní nǹkan bí ọdún 1913. Ilẹ̀ náà ni Sabon Gari, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Haúsá jẹ́ ‘ìlú titun’. (Àwọn ará Ìbàdàn kò ṣe àjèjì sí irú orúkọ yìí, nítorí pé ọdún 1916 ni a dá Sábó tiwọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, Haúsá ni àlejò, Yorùbá ni onílé.) Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò tí ì dé Kánò ṣáájú ìgbà náà. Àdúgbò Ayagi wà nínú odi. Àwọn Mùsùlùmí láti ilẹ̀ Yorùbá ni ó tẹ̀ ẹ́ dó kí òyìnbó tó dé, àwọn ọmọ wọn sì ti di Haúsá ní èdè àti ní ìṣe. Ní Ayagi, ìlú kan ti gbé ìlú kejì mì. Ní Sabon Gari, ìlú méjèèjì dúró gbọn-in, ọmọ sì ni ó ń rìn láàárín wọn.

Àwọn tí ó tẹ̀dó sí ibẹ̀ kò káwọ́ gbera. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ibi púpọ̀ ní Òkè Ọya, Kánò sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ìjọ mìíràn àti mọ́ṣáláṣí kò sì jìnnà sí wọn. Ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan dá ìpàdé ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń san owó ẹgbẹ́, tí a ti ń parí ìjà tọkọtaya, tí a ti ń gbèrò bí a ó ti gbé òkú lọ sílé, tí a sì ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tí ó yàyàkuyà. Ìpàdé ìlú ni ó gbìyànjú láti dí àyè igba ojú. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ bí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí yóò gbà pé ìbáwí ni, kì í ṣe ìtàkùrọ̀sọ. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà bá a wí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ní òun ti gbọ́, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í fẹ̀sọ̀ sọ tinú rẹ̀ nínú ìpàdé náà, òun gan-an sì ni a torí rẹ̀ pe ìpàdé.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan tí ọmọ náà ní í sọ kò kéré. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Sabon Gari a máa sọ Yorùbá nínú ilé, Haúsá ní ọjà àti ní pápá bọ́ọ̀lù, Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Nígbà mìíràn, a sì máa gbọ́ Ìgbò lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Nínú ilé, wọ́n a máa rán an létí pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Bí ó bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìgbà ọdún, àwọn ọmọ ibẹ̀ a máa pè é ní Gàm̀bàrí. Ní Kánò ẹ̀wẹ̀, àlejò ni, bí bàbá bàbá rẹ̀ tilẹ̀ kú sí ibẹ̀.

Ẹ̀rù sì tún wà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní ọdún 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọn, àwọn èrò Èkó sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fẹ́ rán ikọ̀ tí S. L. Akíntọ́lá ṣe aṣáájú rẹ̀ wá sí Kánò láti ṣe ìpàdé, ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kẹrìndínlógún sí ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún. Ní Sabon Gari àti Fagge ni ó ti le jù. Òkú tí ìjọba kà jẹ́ 36, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sì ju 200 lọ. Ní ọdún 1966, àwọn ọmọ Yorùbá rí i bí wọ́n ti pa àwọn Ìgbò aládùúgbò wọn, tí ilé àwọn yòókù sì ṣófo. Ìjà ẹ̀sìn wáyé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1991. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ìjà Yorùbá àti Haúsá ní Ṣàgámù ni a gbẹ̀san rẹ̀ ní Kánò, tí ọmọ tí kò dé Ṣàgámù rí sì ń sá kiri nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta ọdún 2013, bọ́ǹbù dún ní ibùdókọ̀ New Road. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, òmíràn tún dún ní àdúgbò náà. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà a máa pàdé, wọn a máa bá Ẹ̀míà àti ìjọba sọ̀rọ̀, wọn a sì máa dá owó. Ta ni ó ń bá ọmọ tí ó rí òkú ní ojú ọ̀nà ilé-ìwé jókòó?

Nígbà ìjà ti ọdún 1953, ó ṣì ku ọdún mẹ́fà kí iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé Nàìjíríà ní ọ̀nà tí a lè tọ́ka sí. Ọdún 1959 ni àwọn òpìtàn iṣẹ́ náà fẹnu kò lé lórí. Ní ọdún náà, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà tí ó ń darí St. Theresa’s College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe nǹkan bí ogún ènìyàn tí ó kàwé láti wá bá àwọn ọmọbìnrin kíláàsì ìkẹyìn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Nínú ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́, mẹ́rìnléláàádọ́ta ni a gbọ́ pé ó rí iṣẹ́. Àṣeyọrí yìí ni ó bí ìgbìmọ̀ ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó di ọdún 1976, àwọn agbaninímọ̀ràn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó sì di ọdún 1977, Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè fi àyè gba iṣẹ́ wọn ní ilé-ìwé gíga.

Èso rere ni èyí, ṣùgbọ́n ibi tí a ti gbin igi náà hàn lára rẹ̀. Iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ fi ìgbaninímọ̀ràn wá: irú ìwé tí ọmọ yóò kà, irú ọ́fíìsì tí yóò wọ̀. Ìlànà ọdún 1977 mẹ́nu ba ìwà àti ìrònú ọmọ pẹ̀lú, àmọ́ ní ilé-ìwé púpọ̀, olùkọ́ kan tí ó ní kíláàsì tirẹ̀ láti kọ́ ni a fi iṣẹ́ náà kọ́ lọ́rùn. Ọmọ a wọlé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, a dúró, a káwọ́ sẹ́yìn, a sì máa wí pé ‘Bẹ́ẹ̀ ni, sà.’ Ìpàdé ìlú ni a tún gbé wọ inú ọ́fíìsì, bí kò ṣe pé àgbà kan ni ó wà níbẹ̀ dípò ogún.

Ọ̀nà kejì, tí í ṣe ti agbo, ti pẹ́ kí ó tó kan àwọn ọ̀dọ́langba. Ní ọdún 1905, ní Boston, dókítà Joseph Pratt bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe jọ, ó sì rí i pé ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu ara wọn ń ṣe wọ́n láǹfààní. Kò sì yẹ kí ọmọ Yorùbá gbàgbé Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo ti mú àwọn alárùn ọpọlọ kúrò nínú àhámọ́ láti ọdún 1954, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú ará ilé wọn láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe agbo tí a jókòó sí sọ̀rọ̀. Ohun tí ó fi hàn ni pé àwùjọ fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn.

Ẹni tí ó sọ ìtàkùrọ̀sọ inú agbo di ẹ̀kọ́ tí ó ní ìlànà ni Eric Berne. Ìlú Montreal ní Kánádà ni a bí i sí ní ọdún 1910. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ó sì kú nígbà tí Berne wà ní ọmọdé. Amẹ́ríkà ni ó ti ṣe iṣẹ́ dókítà ọpọlọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní agbo-agbo. Ní ọdún 1956, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atúpalẹ̀ ọkàn ní San Francisco kọ̀ láti gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn, ó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó gbé ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní transactional analysis jáde ní ọdún 1961. Games People Play tẹ̀ lé e ní ọdún 1964, ìwé náà sì tà ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Berne kú ní ọdún 1970. Ìtúpalẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ ni a lè pe ẹ̀kọ́ náà ní èdè Yorùbá.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn mẹ́ta ń gbé inú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni Òbí: ohùn àwọn tí ó tọ́ ọ, àṣẹ wọn, ìkìlọ̀ wọn, ìkẹ́ wọn pẹ̀lú. Èkejì ni Ọmọ: ẹ̀rù, ayọ̀, ìbínú àti ọgbọ́n àyínìke tí ó ti ń lò láti kékeré. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó ń wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an, tí ó ń bèèrè, tí ó sì ń ṣírò. Bí ìyá bá bi ọmọ pé, ‘Ṣé o rí owó ọjà tí mo fi sí orí tábìlì?’ ẹni kẹta yìí ni ó ń bèèrè, ẹni kẹta sì lè dáhùn pé, ‘Ó wà lábẹ́ abọ́, Màámi.’ Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fèsì pé, ‘Gbogbo ìgbà ni ẹ máa ń fura sí mi,’ Ọmọ inú rẹ̀ ni ó dá Òbí kan lóhùn tí kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti kọlu ara wọn, owó ọjà sì ti di ohun ìgbàgbé.

Ó tún sọ pé ebi ìdánimọ̀ ń pa ènìyàn bí ebi oúnjẹ, àti pé ìkíni lásán pàápàá jẹ́ òkèlè fún un. Yorùbá tí ó ní ẹ kú fún ìjókòó, fún ìdúró, fún òjò àti fún ọ̀gbẹlẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ ní èyí. Ó pe àwọn ìtàkùrọ̀sọ kan ní eré, nítorí pé ohun tí a ń sọ kọ́ ni ohun tí a ń wá. Èyí tí ó kọ́kọ́ kíyè sí nínú wọn ni ti ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìmọ̀ràn, tí ó sì ń fi ‘bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n’ dá gbogbo ìmọ̀ràn padà. Ó gbà pé láti kékeré ni ènìyàn ti ń pinnu bí ayé òun yóò ti rí, lẹ́bàá ẹsẹ̀ àwọn òbí rẹ̀, tí yóò sì gbàgbé pé òun ni òun pinnu rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí àkúnlẹ̀yàn? Ìyàtọ̀ wà: ọ̀run ni Yorùbá ti yan tirẹ̀, Berne ní ilé ayé ni. Àmọ́ ìgbàgbé náà kò yàtọ̀.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́langba, ìdánwò tí ó lókìkí jù ni èyí tí Carl Jesness ṣe ní ìpínlẹ̀ California, tí ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1975. A pín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọkùnrin tí ó ti rú òfin sí ilé ìtọ́nisọ́nà méjì láìṣe ojúsàájú. Ní èkíní, O. H. Close, wọ́n lo ọgbọ́n Berne: agbo kékeré, àti àdéhùn tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá olùtọ́jú ṣe nípa ohun tí ó fẹ́ yí padà. Ní èkejì, Karl Holton, wọ́n lo ẹ̀bùn àti ìfìyàjẹ láti yí ìwà padà. Lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì ṣe dáadáa ju àwọn tí ó ṣáájú wọn lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó borí èkejì ní ti pípadà sínú wàhálà. Ti O. H. Close kàn sọ̀rọ̀ ara wọn àti ti àwọn olùtọ́jú ní rere jù. Jesness sì kíyè sí i pé ọmọ tí ó ka olùtọ́jú rẹ̀ sí ẹni rere ni ó máa ń ṣe dáadáa, ilé yòówù kí ó wà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹ̀kọ́ yìí wá sí Kánò bí ẹni gbé àgbo ibà wá.

Ìṣòro tí ó tóbi jù, inú èdè ni ó wà. Nínú àlàyé tí ó ṣáájú, a kò fún ẹni kẹta inú ọkàn ní orúkọ. Àgbà ni ìtumọ̀ orúkọ tí Berne fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ṣákálá. Ṣùgbọ́n àgbà ní èdè Yorùbá kì í ṣe ẹni tí ó ń ṣírò nìkan. Ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀. Òbí inú ẹ̀kọ́ Berne ni ó jọ jù! Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ pé ‘jẹ́ kí Àgbà inú rẹ sọ̀rọ̀’ lè bá Òbí pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i. Onílàákàyè ni orúkọ tí ó yẹ ẹni kẹta yẹn, nítorí pé làákàyè kò ní ọjọ́ orí.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ lásán. Nínú èdè tí Berne lò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Kí Yorùbá tó parí gbólóhùn kan, ó ti ní láti yan ‘o’ tàbí ‘ẹ’. Ó ti sọ ẹni tí ó jẹ́ àgbà. Láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, tàbí bàbá àti ọmọ, kò sí àyè tí Onílàákàyè méjì lè ti pàdé láìjẹ́ pé gírámà ti gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Àwọn kan a máa wí pé èyí fi hàn pé ẹ̀kọ́ náà kò bá Yorùbá mu, pé ó ń kọ́ ọmọ láti yẹ àwọn òbí rẹ̀ wò bí ẹni yẹ ọjà wò. Ẹ̀rù wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọn kò wò.

Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́. Láàárín àwọn tí a bí ní ìgbà kan náà, ‘o’ ni a ń lò ní tibi-tire. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Ti Ìjẹ̀bú, ìyẹn régbérégbé, ni Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona tún gbé dìde nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ a máa bára wọn wí, wọn a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a sì máa sọ òótọ́ tí ọmọ kò lè gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ láìbínú. Bí ọ̀kan bá ń ṣe eré ‘bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n’, òmíràn yóò rẹ́rìn-ín, a ó sì mọ̀ pé eré ni. Nítorí náà, kì í ṣe ọ́fíìsì olùgbaninímọ̀ràn ni ẹ̀kọ́ Berne ti lè ta gbòǹgbò láàárín àwọn ọ̀dọ́langba Yorùbá, agbo àwọn ojúgbà ni. Ohun tí ìpàdé ìlú ní Sabon Gari kò lè fún ọmọ, nítorí pé ìpàdé àwọn àgbà ni, ẹgbẹ́ lè fún un.

Wàhálà Sabon Gari kò ní tán nítorí èyí. Nínú ilé tí ìdílé mẹ́wàá ti ń lo àgbàlá kan, àṣírí tí a tú ní agbo lè dé etí ìyá ọmọ kí ọmọ náà tó délé. Àdéhùn tí Berne ń tẹnu mọ́ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wáyé: ohun tí agbo gbọ́, agbo ni ó ni ín. Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó rí ìjà ní èdè Haúsá lè má rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Haúsá tí ó jókòó tì í kò ní gbọ́ Yorùbá. Ó sàn kí a jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní èdè tí ọ̀rọ̀ náà fi dé bá a, kí ẹlòmíràn sì túmọ̀, bí ó tilẹ̀ máa gba àkókò.

Ní ti olùkọ́ tí ó bá jókòó sí agbo bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kò ní ṣíwọ́ ‘ẹ’ pípè é, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi ṣíwọ́. Òun náà ni ó yẹ kí ó fetí sí ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tí ó ń bá ọmọ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, ‘o’ ni ó ń lò. Nígbà tí ó bá kọjú sí àwọn mẹ́jọ nínú agbo, gírámà Yorùbá kò gbà fún un láti sọ ohun mìíràn ju ‘ẹ’ lọ: ‘Kí ni ẹ rí? Kí ni ẹ rò?’ Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sì ni pẹ̀lú, ọmọ tí ó wà láàárín wọn yóò sì gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà.